Èéfín Kajú Kọ́ Ló Mú Ojú Mi Lọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ní àkókò tí kajú ń já, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo wo orogún mi, n kò sì rí orí rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà rọ́bà. Mo rí ìró tó so mọ́ àyà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń fi igi ro kajú nínú agbada onírin. Láti ọrùn lọ sókè, òkùnkùn ni. N kò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka èyí: inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń fẹ́ kí orí yẹn kúrò níwájú mi.

Èéfín ló ta mí lójú ọ̀tún, tí mo fi etí gèlè bò ó, tó fi jẹ́ pé ojú òsì nìkan ni mo fi ń wò. Nígbà tí mo ṣí ojú ọ̀tún, orí Sáfúrá padà sí ipò rẹ̀. Mo tún pa ojú ọ̀tún dé, orí náà tún sọnù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú òsì náà kò dùn mí, kò pọ́n, kò sì sepin. Ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ dúdú sí apá òkè rẹ̀ ni.

Ìwọ tí o ń ka èyí, máa pa ojú kan dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí o fi èkejì wo ayé. Ẹni tó ní ojú méjì kì í tètè mọ ìgbà tí ọ̀kan bá ń kú, nítorí pé èkejì a máa bò ó láṣìírí.

Ọmọ Tchaourou ni mí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ayé mi kọ́ ọmọ, àwọn bàbá onírùngbọ̀n tó ń fi ọ̀kadà zẹmijàn gbé èrò ní ìlú yìí sì ń pè mí ní Mama Mètírẹ́sì di òní. Ọkọ mi, tó ti di olóògbé, ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Èmi ló kọ́kọ́ fẹ́. Mo bí Lámídì, ọmọ mìíràn kò tẹ̀lé e, ni ó bá lọ fẹ́ Sáfúrá wá láti Àláfíàrù, ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹsẹ̀ adìyẹ. Sáfúrá bí mẹ́rin. Àkọ́bí rẹ̀, Mùínátù, ni mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wù mí.

Ní ilé wa, ààrò ni ìyàwó fi ń jẹ́ ìyàwó. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọ wọlé, ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ni yóò to òkúta mẹ́ta fún ọ sí àgbàlá. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó bá lágbára, àwọn àgbà ilé lè yọ òkúta rẹ̀, kí wọ́n kó wọn sẹ́yìn ògiri. Yóò máa sùn nínú ilé, ṣùgbọ́n ìta ni yóò ti máa dáná bí àlejò. Ẹni tó bá sì fẹ̀sùn kàn án títí wọ́n fi yọ ààrò náà, òun nìkan ló lè dá a padà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gbé òkúta náà wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo ilé. Nítorí náà ni ènìyàn kì í fi yá ẹnu sí i.

Èmi yá ẹnu sí i. Ṣé èéfín kajú ta mí lójú, ojú mi sì ṣókùnkùn lọ́jọ́ kan náà? Kí ni mo tún ń wá? Mo pe Tonton Sálífù, àbúrò ọkọ mi, tó ti di olórí ilé, àti àwọn àgbà yòókù.

"Ìyàwó," ni Tonton wí, "gbogbo Tchaourou ló ń yan kajú. Ojú ta ló fọ́?"

"Ọkọ mi, ojú tèmi ni."

Sáfúrá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Ìyálé, èmi ni mo wà nídìí èéfín yìí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kí ló dé tí kò fọ́ tèmi?"

"Ẹni tó ń dá iná kì í jó nínú rẹ̀," ni mo fèsì.

Mo wá dìde, mo ṣe bí ẹni wà níwájú pátákó. Mo ṣàlàyé pé òróró wà nínú èèpo kajú, pé ó ń bó awọ ọwọ́, òótọ́ sì ni èyí, pé ohun tó bá lè bó awọ ọwọ́ lè bó awọ ojú. Mo fi Faransé díẹ̀ sí i. Wọ́n mi orí. Ta ni yóò bá mètírẹ́sì jiyàn lórí ohun tó wà nínú ìwé? Wọ́n yọ òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ náà, Sáfúrá sì kó agbada rẹ̀ lọ sẹ́bàá ojú irin.

Èéfín lọ. Òkùnkùn kò lọ.

Ó ń sọ̀kalẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í bù yẹ̀rì ní igun ojú náà, bí iná àwọn tó ń jó irin pọ̀. Bí mo bá fi ojú náà nìkan kàwé, àwọn ìlà á tẹ̀ kọrọdọ bí ejò. Mo ra oògùn ìkán-sójú lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri. Mo kán oyin. Mo jẹ́ kí ìyàwó Lámídì fún omi ọyàn sí i. Má ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe ìwọ̀nyí, kì í sì í ṣe pé n kò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé dókítà yóò sọ pé kì í ṣe èéfín.

Ọjọ́ tí mo da omi gbígbóná sí Lámídì lọ́wọ́ dípò ife rẹ̀ ni ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì tó wò mí níbí tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú náà, ó pa á, ó tún tàn án. "Mama Mètírẹ́sì, èyí kọjá agbára wa. Ẹ má sùn lé e o. Pàràkú lọ́la."

Ní Pàràkú, wọ́n kán oògùn tó ń la ẹyinjú sí mi lójú, wọ́n ní kí n jókòó dúró. Gbọ̀ngàn ìdúró náà kún. Gbogbo ayé ló fi ọwọ́ bo ojú kan tàbí èkejì. Obìnrin kan láti Tchatchou jókòó tì mí, ó ní funfun tó bo ẹyinjú ni tòun, pé wọn yóò ṣí i lọ́la, òun yóò sì ríran padà. Mo jowú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè kí i kú oríire.

Dókítà fi ẹ̀rọ ekógíráfì sórí ìpéǹpéjú mi, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó fi àwòrán náà hàn mí: nǹkan kan hù nínú ojú mi, ó ní ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ àti orí ńlá, bí olú.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Mama?"

"Ìgbà tí kajú ń já."

"Iṣu tuntun ti jáde báyìí." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Mo bi í bóyá èéfín lè fà á. Ó ní, "Èéfín a máa pọ́n ojú ni, Mama. Kì í gbin nǹkan sẹ́yìn rẹ̀."

Mo gbé ìdáhùn yẹn mì. N kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan nílé.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé àìsàn náà bó ṣe yé mi. Awọ mẹ́ta ló bo ara wọn nínú ẹyin ojú. Ti òde ni funfun. Ti inú pátápátá ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Ti àárín ló kún fún ẹ̀jẹ̀ àti èròjà dúdú kan tí wọ́n ń pè ní mẹlaníìnì, èyí tó ń fún awọ ara àti ojú ní àwọ̀. Gbogbo ara ni a fi sẹ́ẹ̀lì mọ, bí a ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe èròjà dúdú yìí sì ní àyè tirẹ̀ láàárín wọn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìdúró, ó di jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní mẹlanọ́mà. Kò wọ́pọ̀ nínú ojú ènìyàn dúdú. Dókítà náà ní inú ìwé lòun ti mọ̀ ọ́n jù. Ewu rẹ̀ kì í ṣe ti ojú nìkan: ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ rin ìrìn àjò, ẹ̀dọ̀ ló sì sábà máa ń lọ. Oṣù márùn-ún tí mo fi jà nítorí òkúta mẹ́ta, oṣù márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ fún un láti lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bi Ọlọ́run: ṣé ó ti lọ?

Wọ́n rán mi lọ sí Kùtọnù, kí wọ́n yọ ojú náà. Wọ́n ní ìtànṣán kan wà tí wọ́n fi ń jó irú rẹ̀ nígbà tó bá ṣì kéré, ní ìlú òkèèrè, ṣùgbọ́n tèmi ti dàgbà jù ú lọ. Ìyàwó Lámídì ń tọ́mọ lọ́wọ́, Lámídì kò sì lè wẹ ìyá rẹ̀. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí Sáfúrá dé pẹ̀lú ẹní, bàsíà àti àpò gààrì. N kò pè é.

"Kí lo wá ṣe?"

"Ìyálé, ẹ ní èéfín mi ló fọ́ yín lójú. Ẹ jẹ́ kí èéfín náà wá ṣètọ́jú yín." Ó gbé bàsíà lé ẹsẹ̀ mi. "Ẹ sún díẹ̀."

Iṣẹ́ abẹ náà kò dùn mí, nítorí mo sùn. Ìjí ló dùn. Orí fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n fi èèkàn gún ihò náà, mo bì, èébì náà tún fa ojú tí kò sí mọ́. Ọjọ́ kejì, ó rọ̀. Ọjọ́ kẹta, mo gbàgbé, mo gbìyànjú láti ṣí i. Sáfúrá ló ń nu èébì mi, òun ló ń mú mi lọ sí ilé ìyàgbẹ́, òun ló rán apá bùbá mi tó fẹ́ já, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí orí sí ògiri. Kò sí ohun tó burú tó kí ẹni tí o kórìíra mọ ìtọ́jú ṣe.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wá kan Mùínátù. Ilẹ̀ Faransé ló wà, nínú ilé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti ń wádìí mólékù, ìyẹn àwọn wóró èròjà tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí wọ́n fi ń ṣe oògùn. Jẹjẹrẹ ojú gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ronú sí i. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní a, bé, sé, lórí itan mi, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń yan kajú. Ọmọ tèmi, tí mo kọ́ pẹ̀lú omijé àti ẹgba, ń ta kẹ̀kẹ́ ọ̀kadà àtàwọn ẹ̀yà rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í ka ìwé. Jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù: nígbà tí Mùínátù yege láti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sọ fún ọkọ mi pé kí ó fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ, mètírẹ́sì?" Kò gbọ́ tèmi. Ọdún púpọ̀ ni mo fi bínú sí i pé kò gbọ́.

Mùínátù pe wá lórí Wásápù. Sáfúrá ló di fóònù mú, ohùn ọmọ rẹ̀ sì ń jáde síta.

"Alọ́ọ̀, Mama Mètírẹ́sì! Ẹ kú ìrora o. Ṣé ẹ rántí tọ́ọ̀ṣì tí Papa ń gbé lọ sí ibùdókọ̀, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ há?"

"Tó ń tàn títí bátìrì fi kú. Mo rántí."

"Bọ́tìnnì wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà, tó ń sọ fún un pé kó pọ̀ tàbí kó dúró. Nínú irú jẹjẹrẹ yín, bọ́tìnnì yẹn sábà máa ń há síbi tí iná ti ń tàn. Ó ń pàṣẹ 'pọ̀ sí i, pọ̀ sí i' láìsinmi."

"Ta ló há a?"

"Kò sẹ́ni, Mama. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń bí sẹ́ẹ̀lì, ó ń da ìwé inú rẹ̀ kọ. Ó ṣi lẹ́tà kan kọ ni."

"Kì í ṣe èéfín?"

"Èéfín wo?"

Ìyá rẹ̀ kò sọ fún un rárá. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, tó ń dáná lẹ́bàá ojú irin, kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Mo wo Sáfúrá. Ọsàn ló ń bó, kò sì dáwọ́ dúró.

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Èmi tí n kò kàwé."

Mùínátù sọ pé kò tíì rọrùn láti tú bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń wá mólékù tí yóò dínà níwájú, níbi tí àṣẹ náà ń gbà kọjá, kí ó má baà dé ibi tó ń lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń dán wò lára aláìsàn. Ó ní oògùn mìíràn tún wà fún ẹni tí àìsàn náà bá ti rin ìrìn àjò: ó ń fa àwọn ọmọ ogun ara wá bá jẹjẹrẹ náà jà. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí a ń jogún, tó wà lára sẹ́ẹ̀lì àwọn kan, tí kò sí lára àwọn mìíràn. Ẹni tí kò bá ní àmì náà, oògùn yẹn kò lè ṣiṣẹ́ fún un. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wò ó. N kò ní in.

Mo jowú àwọn ènìyàn tí n kò rí rí, tí wọ́n ń sùn nílé wọn, tí wọ́n ní àmì tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní.

"Kí wọ́n yẹ tèmi wò," ni Sáfúrá wí. "Bí mo bá ní in, kí wọ́n bù ú fún un."

"Mama, kò ṣeé bù," ni Mùínátù dáhùn, mo sì gbọ́ ẹ̀rín àti ẹkún nínú ohùn rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ìyẹn gan-an bí mi nínú. Mo ní nínú ọkàn mi pé: àní èyí náà, ó tún fẹ́ jẹ́ ẹni tó ní in.

Wọ́n ti fi ìda di ègé kékeré lára ohun tí wọ́n yọ, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò náà kí wọ́n lè ka kromosómù rẹ̀. Kromosómù ni okùn tí wọ́n kọ ìwé inú sẹ́ẹ̀lì sí. Méjì méjì ló ń wà, wọ́n sì ń fi nọ́mbà pè wọ́n: èkíní, ìkejì, ìkẹta. Bí ọ̀kan nínú ìkẹta bá sọnù, jẹjẹrẹ ojú fẹ́ràn àtilọ sí ẹ̀dọ̀. Bí méjèèjì bá pé, ìrètí pọ̀. Ekógíráfì ẹ̀dọ̀ mi mọ́, ṣùgbọ́n dókítà ní ohun tó bá kéré lè sá pamọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró ní Tchaourou, tí mo ń tẹ ìhà ọ̀tún mi lójoojúmọ́ bí ẹni ń wo ìbẹ́pẹ bóyá ó ti pọ́n. Ara tó bá ti ṣẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o kì í gbà á gbọ́ mọ́.

Ìwé kan wá láti ilé àyẹ̀wò náà, pé kí n fọwọ́ sí i bí mo bá gbà kí ìyókù ègé náà wà lọ́dọ̀ wọn fún ìwádìí. Wọn kò ní kọ orúkọ mi sí i. Nọ́mbà ni. Mo gbé ìwé náà sí abẹ́ ìrọ̀rí. Sáfúrá ti gba ọkọ mi, ọmọ rẹ̀ ti gba ọ̀nà tí mo là fún ọmọ mi; ṣé ojú mi náà yóò tún di ti wọn? Ní ọjọ́ kẹrin mo gbé e jáde, mo fọwọ́ sí i. Kì í ṣe oore ni. Mo rántí àwọn tó ń jókòó ní Pàràkú tí wọ́n fi ọwọ́ bo ojú, mo ní kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi rí ju olú kan nínú àwòrán lọ.

Sáfúrá ń wò mí bí mo ṣe ń kọ orúkọ. "Ìlẹ̀kùn ni mo máa ń fara pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀," ló wí, "nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ mi. Títí dòní, ó ń sọ fún wọn ní ilẹ̀ Faransé pé Mama Mètírẹ́sì ló kọ́ òun. Kò sọ pé ìyá òun. Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ owú í jẹ?"

Mo ká ìwé náà, mo fi sínú àpòòwé.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, Mùínátù pè. "Méjèèjì pé, Mama. Méjèèjì pé." Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìwé ìdánilójú, pé mo gbọ́dọ̀ máa lọ yẹ ẹ̀dọ̀ wò ní Pàràkú ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Mo ní mo gbọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún pẹ̀lú ojú kan. Ihò kejì náà tutù lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi dì í. Omijé kò mọ̀ pé ojú ti lọ.

Bí ọkọ mi bá gbọ́ tèmi lọ́dún náà, ta ni ì bá ka ègé ojú mi?

Lọ́jọ́ kejì, mo jáde sẹ́yìn ògiri. Koríko ti bo òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tonton Sálífù rí mi, ó ké sí àwọn ará ilé. Lámídì sáré wá. "Màmá, ẹ jẹ́ n gbé e." Tonton dì í mú. "Fi í sílẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Kò sí ìyálé tó ti ṣe é rí ní ilé wa. Mo gbé èkíní, mo gbé èkejì. Ẹni tó ní ojú kan kò mọ jíjìn mọ́: ilẹ̀ tó rò pé ó wà nítòsí, ó jìnnà, ife tó fẹ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ á kọjá lára rẹ̀. Òkúta kẹta, mo gbé e kalẹ̀ tán kí n tó gbọ́ ẹ̀rín.

Sáfúrá dúró pẹ̀lú agbada lórí. "Ìyálé, ìkòkò ta ló máa jókòó lórí ìyẹn? Ti òmìrán?"

Ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta náà sí àyè rẹ̀, ó sì lọ kó igi.

Mo ti gba ojú àtọwọ́dá báyìí. Ó jọ ojú, kì í ṣe ojú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ti òsì tó ṣiṣẹ́ fún mi fún àádọ́rin ọdún àti díẹ̀, àti lọ́wọ́ ti ọ̀tún tó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀dọ̀ mi, tí n kò rántí pé mo ní tẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mùínátù, kí ó hàn nínú ìwé. Ní ti ìyá rẹ̀, mo gbé òkúta mẹ́ta fún un. Kí ó fara mọ́ ọn.

Kajú tún ti ń já. Ní àràárọ̀, kí n tó kírun, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, èéfín á ta mí lójú kan tó kù, èmi á sì nù ún, èmi á wo àgbàlá. Mo ṣì ń jowú orí yẹn. Mo máa ń wò ó dáadáa, láti àgbọ̀n dé gèlè, kí n lè mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.